Báwo ni mo ṣe lè yọ nọ́ńbà kúrò lára orúkọ láíbìrì tí mo ń gbé lọ sórí Android?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti lo NDK (irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ kóòdù C fún Android) rí. Láíbìrì C méjì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Linux ni mo fẹ́ lò nínú áàpù fóònù. Èkejì gbára lé èkíní. Mo fi --host=aarch64-linux-android ṣe configure (àṣẹ tó ń múra kóòdù sílẹ̀ fún kíkọ́), API 24 ni mo yàn gẹ́gẹ́ bí ìpele Android, méjèèjì sì jáde láìsí àṣìṣe.

Àmọ́ áàpù náà ń kú kété tí mo bá ṣí i. Logcat (àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ Android) ní dlopen failed, ìyẹn ni pé láíbìrì kò ṣeé ṣí, pé òun kò rí fáìlì láíbìrì èkíní tó parí sí .so.1. Òótọ́ ni: èyí tó bá parí sí .so nìkan ló ń wọ inú APK, fáìlì tí a fi ń gbé áàpù sórí fóònù.

Mo yí orúkọ fáìlì náà padà, pàbó ló já sí. Readelf -d, tó ń ṣàfihàn ohun tó wà nínú láíbìrì, fi hàn pé orúkọ àtijọ́ ṣì wà nínú NEEDED (àkójọ láíbìrì tó nílò) ti èkejì. Mo sọ èkíní di static, kí kóòdù rẹ̀ lè wọ inú ohun tó ń lò ó. Áàpù ṣí, ṣùgbọ́n láíbìrì kejì àti kóòdù JNI mi (èyí tó so Java pọ̀ mọ́ C) wá ní ẹ̀dà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ètò tí mo bá ṣe sínú ọ̀kan, èkejì kì í rí i. Èyí ló tojú sú mi jù. Patchelf, irinṣẹ́ tó ń yí orúkọ inú láíbìrì padà, lè tún un ṣe, àmọ́ mi ò fẹ́ máa fọwọ́ tún un ṣe ní gbogbo ìgbà.

Libtool 2.4 àtijọ́ (irinṣẹ́ tó ń kọ́ láíbìrì, tó sì ń fún un ní orúkọ) ló wà nínú configure láíbìrì èkíní. Ṣé -avoid-version (àṣẹ pé kí libtool má fi nọ́ńbà sí orúkọ) nínú Makefile.am ti tó, àbí dandan ni kí n fi libtool tuntun ṣe autoreconf (títún configure ṣẹ̀dá) kí SONAME, orúkọ tí láíbìrì ń pe ara rẹ̀, tó lè jáde láìní nọ́ńbà?