Ta ló ti rìnrìn àjò tìtorí iṣẹ́ ọnà? Ẹ wá sọ tiyín

Àdùkẹ́_Leeds: Ẹ kú alẹ́ o. Mo ní ìrìn àjò tí kì í ṣe ti ìgbéyàwó, tí kì í ṣe ti òkú. Èmi lọ wo Aida, òpẹ́rà kan, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi orin ṣe, ní Verona, ní Ítálì. Gbàgede òkúta tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sí òrùlé. Oòrùn ti yan òkúta tí a jókòó lé látàárọ̀, ó ṣì ń jó wa nídìí lálẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti mú tìmùtìmù dání. Nígbà tí ogun ṣẹ́gun wọlé, fèrè tí wọ́n fọn gùn bíi kàkàkí! N ò gbọ́ Ítálì rárá, àmọ́ nígbà tí wọ́n sé Aida àti olólùfẹ́ rẹ̀ mọ́ ibojì láàyè, ṣe ni mo bú sẹ́kún.

Jagunlabí: Ẹkún kẹ̀? Lórí orin tóo ò gbọ́?

Ìyá Ìbejì: Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Bí babaláwo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, ṣé gbogbo ẹ̀ ló ń yé ọ? Orí mi á sì máa wú.

Jagunlabí: Ẹ má bínú, mà.

Ọmọ_Òṣogbo: Verona, Verona. Dúró Ládípọ̀ ńkọ́? Ó kó Ọba Kò So lọ sí Bẹ̀lín ní 1964, ó kó o dé ìlú Ọba ní 1965. Bàbá mi wò ó nílé. Wọ́n ní bí iná ṣe yọ lẹ́nu Ṣàngó, àwọn tó wà níwájú dìde, wọn ò dúró gba bàtà.

Jagunlabí: Eré ìtàgé nìyẹn, kì í ṣe òpẹ́rà.

Ọmọ_Òṣogbo: Orin ń bẹ, ijó ń bẹ, bàtá ń fọhùn, ọba já kúlẹ̀. Kí ló kù? Àbí dandan ni kó sanra kó tó kọrin?

Ìyá Ìbejì: 😂😂

Àkànbí: Èmi ra tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú ní ilé òpẹ́rà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi mí sẹ́yìn òpó. Ohùn ni mo gbọ́, n ò rí ojú. Ọ̀fẹ́ tèmi tẹ́ mi lọ́rùn: British Museum, orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n wú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938.

Ìyá Ìbejì: Mo kúnlẹ̀ kí i níbẹ̀ o. “Kábíyèsí!” Ẹ̀ṣọ́ wọn wá bi mí bóyá ó rẹ̀ mí.

Ọmọ_Òṣogbo: Kí wọ́n dá a padà sílé.

Àkànbí: Kí wọ́n tún jí i? Ẹ ti gbàgbé àwọn orí tí wọ́n kó ní musíọ̀mù Ifẹ̀ ní 1993 sí 1994.

Ọmọ_Òṣogbo: Nítorí pé olè jà nílé mi, kí aládùúgbò wá máa tọ́jú ẹrù mi títí ayé? Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn!

Àkànbí: N ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Òṣogbo: O sọ ọ́.

Jagunlabí: Níbo gan-an ni musíọ̀mù Ifẹ̀ yẹn wà? Mo ń lọ síbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹnuwá, lẹ́bàá ààfin. Béèrè kóo tó ya fọ́tò o.