Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìwádìí àwọn tí ajá gé jẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ìwádìí àrùn àti ìfarapa niṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ajá dìgbòlugi ló sì wà lọ́wọ́ mi báyìí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìwé ilé ìwòsàn nìkan ni mo ní, kò sì pé. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ajá gé jẹ, pàápàá àwọn ọmọdé, kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n á fi epo pupa pa ojú egbò, wọ́n á dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ tí àmì àrùn yìí bá ti yọ, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo, nígbà tó jẹ́ pé ọṣẹ àti omi fún ìṣẹ́jú 15, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára kíákíá, ì bá gbà wọ́n là. Ó ń dùn mí gan-an.

Mo fẹ́ lọ béèrè láti ojúlé dé ojúlé. Ta ni kí n kọ́kọ́ rí: baálẹ̀ ni, àbí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè béèrè tí ìyá ọmọ ò fi ní rò pé mo wá dá òun lẹ́bi? Ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù 6 ni kí n bi wọ́n, àbí ọdún kan?