Ṣé odò Ògùnpa kékeré yìí náà ló ṣe Omíyalé?

Àlejò_Ìbàdàn: Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Oṣù tó kọjá ni mo kó dé láti Òṣogbo, ilé tí èjẹ́ǹtì mú mi lọ wò wà létí kánáàlì Ògùnpa lọ́wọ́ Òkè-Àdó, owó ẹ̀ ò wọ́n rárá. Mo wá yọjú wo odò ọ̀hún, omi ẹ̀ ò dé orókùn mi, ọ̀rá píọ́ wọ́tà ló kún inú ẹ̀, ewúrẹ́ kan tiẹ̀ ń rìn gba àárín ẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́. Ṣé eléyìí náà ni wọ́n ní ó gbé ilé lọ nígbà Omíyalé 1980, àbí wọ́n kàn fẹ́ dẹ́rù bà mí ni?

Bàbá_Òkè_Àdó: Ọmọ mi, òun náà ni. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, 31 oṣù kẹjọ 1980, òjò ń rọ̀ kò dá, ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ omi ti wọlé, orí àjà la sùn. Ọjọ́ kẹta la tó rí ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi nínú ẹrẹ̀, ìta ilé ẹlòmíì la ti bá a. Èèyàn tó kú ò kéré. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1960, ní 1963, ní 1978. Ìwọ ń wo omi ọjọ́ tí òjò ò rọ̀. Kòtò ni Ògùnpa wà, òkè ló yí i ká, gbogbo páànù, gbogbo títì, gbogbo gọ́tà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń da omi sí, ilẹ̀ tó yẹ kó fa omi mu, a ti fi kọnkéré bò ó. Òjò lè rọ̀ lápá Bódìjà, kí omi wá ká ẹ mọ́lé níbi tí oòrùn ti ń ràn. Tí pàǹtí bá wá dí abẹ́ bíríìjì, omi ò níbi gbà, inú ilé ló máa yà sí.

Ọmọ_Agodi: Bàbá ti sọ ọ́. Adágún inú Agodi Gardens táwọn èèyàn ń ya fọ́tò níwájú ẹ̀ yẹn, Ògùnpa náà ni wọ́n sé níbẹ̀. 1967 ni wọ́n dá ọgbà ẹranko ibẹ̀ sílẹ̀, Omíyalé ló bà á jẹ́. Láti ibẹ̀ ló ti ń bọ̀ wá sí Dùgbẹ̀, òun àti odò Kúdẹtì á pàdé, wọ́n á lọ da sínú odò Ọnà. Ní ti ìkún omi 2011, odò Ọnà ni wọ́n pariwo jù. Ìyá àgbà mi ní àwọn máa ń pọn omi Ògùnpa mu o! Ní báyìí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ṣì ń fi bomi rin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, mẹkáníìkì náà ń da ọ́ìlì sí i lókè níbẹ̀. Èmi ò ní jẹ ẹ̀fọ́ yẹn, ẹ má bínú.

Bàbá_Òkè_Àdó: Àlejò, lọ wo ẹ̀yìn ilé yẹn kó o tó sanwó. Wá ilà ẹrẹ̀ lára ògiri.

Àlejò_Ìbàdàn: Ẹ ṣé gan-an Bàbá. Mo ti lọ lónìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé ni, mi ò rí ilà kankan. Àmọ́ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ilé yẹn, èjìká mi ló ga dé, títí kan ti kíṣìnì. Mo bi èjẹ́ǹtì pé kí ló dé, ó ní bí láńlọ́ọ̀dù ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Mo ti ní kó bá mi wá òmíì lórí òkè.