Báwo ni a ṣe lè béèrè owó ìjọba fún adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin)?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òbí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ òbí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àjàṣẹ́ ni ó rán mi. Etí ọ̀sà ni ìlú wa wà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń dàgbà ní ìgboro kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, owó tí àwọn ilé ìtura sì ń gbà ní písíìnì wọn kì í ṣe èyí tí òbí tí ń pàtẹ ní ọjà Ouando lè san. A fẹ́ kí ìlú kọ́ adágún onímítà 25, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa lò ó láàárọ̀, kí gbogbo ènìyàn sì máa lò ó nírọ̀lẹ́. Ta ni kí a kọ̀wé sí, kí ni a ó sì kọ tí wọn kò fi ní sọ pé fàájì olówó ni à ń béèrè?

Ará Etí Ọ̀sà:
Akọ̀wé, ẹ kú ìtara. Láti ìgbà òfin 97-029 ti ọdún 1999 ni ibi eré ìdárayá ìlú ti wà lára ẹrù àwọn ilé iṣẹ́ mérì, olórí ìlú, nítorí náà kì í ṣe ojúrere ni ẹ ń tọrọ. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú PDC, ètò ìdàgbàsókè ìlú, nítorí ohun tí kò bá sí níbẹ̀ kì í rọrùn láti wọ ètò ìnáwó ọdún. Bí kò bá sí, ẹ bá olórí arrondissement yín, ìyẹn ẹ̀ka ìlú tí ẹ ń gbé, sọ ọ́. Mérì ni kí ẹ kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí secrétaire exécutif, ẹni tí òfin 2021-14 fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ ilé iṣẹ́ mérì lé lọ́wọ́. FIC, àpò owó ìjọba fún iṣẹ́ àwọn ìlú, tí ó rọ́pò FADeC, lè san owó ìkọ́lé. Ẹ má gbójú lé e fún owó oṣù ẹni tí yóò máa ṣọ́ àwọn ọmọ nínú omi.

Oníṣirò Omi:
Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Adágún tí ó gùn ní mítà 25, tí ó fẹ̀ ní mítà 12.5, tí ó sì jìn ní mítà 1.5, yóò gba omi tí ó tó mítà onígun mẹ́ta 469. Kíkún un lẹ́ẹ̀kan kọ́ ni ìṣòro. Ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi náà kò gbọdọ̀ sinmi, ìwé owó iná SBEE, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná, yóò máa wọlé lóṣooṣù, kílórínì yóò máa tán, a ó sì máa bu omi tuntun sí i: ní Faransé, òfin ní kí ó tó lítà 30 fún olúwẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú, tí àwọn ará ìlú ń bá jà nítorí omi SONEB, ilé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ, yóò bi yín léèrè nípa rẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. (Ibi tí a fi ìlù ṣí, tí ewúrẹ́ wá ń sùn sí, kò wọ́n lórílẹ̀-èdè wa.) Bí ó bá jẹ́ èmi, adágún ìkọ́ni tí ó gùn ní mítà 12.5, tí ó fẹ̀ ní mítà 6, tí ó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 90, ni n ó béèrè. Omi rẹ̀ kò tó mítà onígun mẹ́ta 68, ìdá kan nínú méje ti èkíní, ọmọ ọdún méje yóò sì kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Ẹ má kọ “eré” sórí ìwé yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a kọ́ ọmọ iléèwé ní ìlúwẹ̀ẹ́ kí omi má baà máa gbé wọn lọ. Ẹ̀kọ́ àti ààbò ni kí ẹ béèrè.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òbí:
Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ní kí a kọ̀wé sí Lyon, nítorí àjọṣe tí ó wà láàárín wọn àti ìlú wa. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ará Etí Ọ̀sà:
Ẹ lè gbìyànjú, àmọ́ ilé iṣẹ́ mérì ni yóò kọ ìwé náà, kì í ṣe ẹgbẹ́ yín. Òfin Oudin-Santini ti ọdún 2005 gba àwọn ìlú Faransé láàyè láti fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó omi àti ìmọ́tótó wọn ran ìlú òkèèrè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n omi mímu àti ilé ìyàgbẹ́ ni ó wà fún. Adágún kò sí nínú rẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òbí:
Ó yé mi. A ó mú adágún kékeré náà, a ó sì fi ìṣirò owó iná, kílórínì àti owó oṣù ọdún mẹ́ta síwájú iye ìkọ́lé.