Orúkọ mi ò sí lára àpótí lẹ́tà

Bí mo bá sọ pé Jámánì ni mo ti ń kàwé, ọ̀rọ̀ kíláàsì ni gbogbo èèyàn máa ń bi mí. Ṣé ó le? Ṣé èdè wọn ni wọ́n fi ń kọ́ yín? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àpótí lẹ́tà, torí òun ló fojú mi rí màbo jù.

Ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni mo dé Leipzig láti wá ṣe másítà. Owó wà o. Kí wọ́n tó fún mi ní físà, mo ti kó 11,208 yúrò sínú àkáǹtì tí wọ́n ń pè ní Sperrkonto, ìyẹn àkáǹtì tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Owó ẹni ni lóòótọ́, àmọ́ 934 yúrò ni wọ́n ń tú sílẹ̀ fún èèyàn lóṣù nígbà yẹn. Èmi rò pé bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ báyìí, owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nìyẹn. Àṣé inú àkáǹtì báńkì mìíràn ni wọ́n máa san án sí, tí èmi fúnra mi máa lọ ṣí. Báńkì ní àfi kí n mú ìwé Anmeldung wá, ìwé tó ń fi hàn pé mo ti fi àdírẹ́sì mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú. Ìjọba ìlú ní kí n mú ìwé tí onílé fọwọ́ sí wá. Onílé ti lọ lo ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ méjì péré sì ni òfin fún èèyàn láti fi orúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá kó wọlé.

Ọjọ́ kẹtàlá ni ọwọ́ mi tó tẹ ìwé yẹn. Inú mi dùn débi pé mo yà á ní fọ́tò. Báńkì bá mi ṣí àkáǹtì, wọ́n ní káàdì á wá nínú lẹ́tà kan, PIN á wá nínú lẹ́tà mìíràn, kó má baà jẹ́ pé ẹnì kan náà ló máa jí méjèèjì. Mo ní ó dáa. Mo ń retí.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ó di méjì. Láràárọ̀ ni mò ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí àwọn àpótí onírin náà tò sí lára ògiri, màá ṣí tiwa, màá rí ìwé ìpolówó búrẹ́dì, màá tì í padà. Èmi àti àwọn méjì la jọ ń gbé inú ilé náà, yàrá kọ̀ọ̀kan, kíṣìnnì kan. Wọ́n ní bóyá ilé iṣẹ́ tó ń pín lẹ́tà ló ń falẹ̀.

Owó tí mo mú lọ́wọ́ ti ń lọ sópin. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìgò ti wọlé nìyẹn. Bí èèyàn bá ra omi oníke níbẹ̀, 25 sẹ́ǹtì wà lórí ike yẹn tí wọ́n máa dá padà bó bá dá ike padà. Pfand ni wọ́n ń pè é. Ìgò bíà jẹ́ 8 sẹ́ǹtì. Àpò ńlá méjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì wa tí ẹnikẹ́ni ò rójú kó lọ. Mo bi àwọn tí a jọ ń gbé bóyá kí n bá wọn kó o, wọ́n ní kí n ṣe wọ́n lóore. Wọn ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń ṣe lóore.

Ọjọ́ Sátidé ni. Bí mi ò bá ra nǹkan lọ́jọ́ náà, ó di Mọ́ńdè, torí ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ẹ̀rọ náà wà ní igun súpámákẹ́ẹ̀tì, ihò róbótó kan ló ní lójú. Èèyàn á ti ike bọ inú rẹ̀, iná á tàn, ike á máa yí lójú kan bíi pé ẹ̀rọ ń wò ó tẹ̀yìn tiwájú, lójijì á gbé e mì, èèyàn á gbọ́ kraak! nínú lọ́hùn-ún. Èyí tí mo ti tẹ̀ pọ̀ kí ó lè gba inú àpò, ó tu ú padà fún mi. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu títí ó fi nà, mo tún tì í wọlé. Ọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú kéèsì bíà mi orí, mi ò mọ̀ bóyá àánú ni àbí ìbínú. Ike 31, ìgò 14. Rìsíìtì jáde: 8.87 yúrò. Mo fi ra búrẹ́dì, ẹyin àti mákàróònì. Ojú ò tì mí. Rárá, ó tì mí díẹ̀.

Ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ ló já ọ̀rọ̀ náà. Ó ti ń wò mí láti ojú wíńdò rẹ̀ látọjọ́ yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó jáde, ó béèrè ohun tí mò ń wá. Mo fi Jámánì jálajàla ṣàlàyé. Ó ní, “Kí lorúkọ yín?” Mo sọ ọ́. Ó fi ìka tọ́ àpótí wa. Orúkọ méjì ló wà lára rẹ̀. Tèmi ò sí níbẹ̀.

Ilé náà gba ìdílé mẹ́wàá, kò sì sí nọ́ńbà lára ilẹ̀kùn ẹnì kankan. Orúkọ ni ẹni tó ń pín lẹ́tà ń wò. Lẹ́tà tí kò bá rí orúkọ tirẹ̀ á padà síbi tó ti wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni káàdì mi ti wá tó tún ti padà. Àwọn tí a jọ ń gbé rò pé mo ti lẹ orúkọ mi. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n ń lẹ nǹkan.

Ìyá náà wọlé, ó mú pépà, bírò dúdú àti téèpù jáde. Mo kọ orúkọ mi sára fóònù pé kó wò ó kọ. Ó dúró lórí àmì ìsàlẹ̀, ó ní ṣé ìdọ̀tí ló wà lójú fóònù ni. Mo ní rárá o, ara orúkọ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tiwa máa ń wà lókè.” Ó sì fara balẹ̀ fi gbogbo rẹ̀ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Látọjọ́ náà ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé: káàdì, PIN, nọ́ńbà owó orí tó jẹ́ 11 dígíìtì, ìwé ìbánigbófò ìlera. Ọ̀kan ní kí n máa san 18.36 yúrò lóṣù fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Mi ò ní tẹlifíṣọ̀n. Mo rò pé oníjìbìtì ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á ya. Wọ́n ní òfin ni, àmọ́ ilé kan owó kan ni, ẹ̀yin mẹ́ta ẹ pín in. Ó di 6.12 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ti kíláàsì tí ẹ ń béèrè ńkọ́? Kò burú. Wọ́n ní aago mẹ́wàá, mo dé ní ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi nìkan ni mo jókòó títí di mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ parí, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkúùkù kan tábìlì. Àyà mi já, mo rò pé ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀. Àṣé àtẹ́wọ́ nìyẹn. Àbájáde ìdánwò àkọ́kọ́ tún dé, mo rí 1.3. Mo pa fóònù, mo sùn. Ọjọ́ kejì ni ẹnì kan tó sọ fún mi pé 1.0 lòkè pátápátá, pé ẹni tó bá kọjá 4.0 ló fìdí rẹmi.

Ọdún ti yí po. Àwọn méjì yòókù ti lọ tẹ orúkọ tiwọn jáde dáadáa, ó ń dán. Tèmi ṣì ni èyí tí ìyá yẹn fọwọ́ kọ. Òjò ti mú díẹ̀ nínú dúdú rẹ̀ lọ, àwọn àmì ìsàlẹ̀ ló ṣì hàn jù.