Wọ́n ń wo fídíò mi lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í padà wá. Kí ni kí n ṣe?

Aránṣọ Tuntun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ rírán ni mò ń kọ́ àwọn ènìyàn lórí YouTube àti Facebook. Kò sí ohun tí mi ò tíì gbé síbẹ̀: bí a ṣe ń gé aṣọ, àrà tuntun tó wà lóde, bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, àti ọ̀rọ̀ ìyànjú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Láìpẹ́ yìí, fídíò kan tí mo ṣe nípa bí a ṣe ń rán síìpù mọ́ aṣọ tó ń fà gbéra sọ, èrò wọ́ wá. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé òmíràn jáde tẹ̀lé e, àfi bí ẹni pé mi ò sọ nǹkan kan. Àwọn tó wo ti àkọ́kọ́ kò yọjú mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra ọmọlẹ́yìn kí ojú ìwé mi lè kún. Ẹlòmíràn ní kí n máa gbé fídíò jáde lójoojúmọ́, kí n sì máa ṣe ohunkóhun tó bá ṣáà ń jà ràn-ìn. Àwọn tí yóò máa retí mi ni mo fẹ́, tí wọn yóò máa bèèrè mi bí wọn ò bá rí mi. Báwo ni ẹ ṣe rí tiyín?

Alátùn-únṣe Maṣíìnì:

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀. Maṣíìnì ìránṣọ ni mò ń tún ṣe, òun nìkan ṣoṣo ni fídíò mi sì dá lé.

Kí n tó ṣe fídíò kankan, mo máa ń rí ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lọ́kàn mi: aránṣọ kan tí iṣẹ́ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, tí òwú ti dì jọ lábẹ́ aṣọ, tí oníbàárà sì ń bọ̀ wá gba aṣọ náà. Kò ráyè ìkíni gígùn. Kò fẹ́ gbọ́ ìtàn maṣíìnì. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó máa rí ni òwú tó dì jọ náà, bó ṣe rí níwájú òun gan-an, kó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun là ń sọ. Àkọlé fídíò náà ni "Òwú ń dì lábẹ́ aṣọ", torí bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ ṣe ń wí i, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ń wá ìrànlọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ohun tí kò retí. Torí pé ìsàlẹ̀ ni òwú ti ń dì, bọ́bìnì, ìyẹn ohun kékeré tí a ń ká òwú ìsàlẹ̀ sí, ni gbogbo ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, òwú òkè ló fà á. Ẹni náà fi òwú sí maṣíìnì nígbà tí ẹsẹ̀ maṣíìnì, ìyẹn irin kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, wà nílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá wà nílẹ̀, àwọn àwo kékeré méjì tó ń di òwú mú á ti pa dé, òwú kò ní wọ àárín wọn, kò sì ní sí ohun tó máa fà á le. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ yọ òwú, kí ẹ tún un fi sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí maṣíìnì rẹ̀ sì rán geere, kò ní gbàgbé ẹni tó sọ fún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù lọ nìyí. Lábẹ́ fídíò yẹn, ẹnìkan kọ ọ́ pé òwú kò dì mọ́, ṣùgbọ́n maṣíìnì ń fo ojú rírán. Mo bi í pé irú aṣọ wo ni. Ó ní aṣọ tó ń fà ni. Fídíò tó tẹ̀lé e nìyẹn: aṣọ tó ń fà ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ rí róbótó díẹ̀, tó máa ń yà gba àárín fọ́nrán òwú dípò kó gún un já. Ẹlòmíràn ní òun ti pààrọ̀ abẹ́rẹ́, síbẹ̀ ó ń fo. Mo ní kó ya fọ́tò rẹ̀ wá. Ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ló kọjú síwájú! Fídíò mìíràn tún nìyẹn, nípa ìhà pẹlẹbẹ tó wà lókè abẹ́rẹ́ àti ibi tó yẹ kó kọjú sí. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń sọ ọ́ pé ìbéèrè ẹnìkan ló bí i. Ẹni tó bèèrè á rí i pé a gbọ́ òun. Àwọn tó kù á rí i pé bí àwọn náà bá bèèrè, a ó dáhùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di tiwa.

Bí ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí kò bá jẹ́ òun ló fà á, n kì í gé e kúrò nínú fídíò. Aránṣọ ní láti rí bí a ṣe ń yẹ nǹkan wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí a ó fi kan èyí tó jẹ́ gan-an. Maṣíìnì oníkọ̀ǹpútà tí iná bá ti bà jẹ́ nínú, mo máa ń sọ pé iṣẹ́ mi ò dé ibẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fún mi ní epo maṣíìnì lọ́fẹ̀ẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ni mo ti ń sọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, tilẹ̀ sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń polówó fún jẹ́ kó hàn gbangba. Bí kò bá tiẹ̀ sí òfin, èmi á ṣe é.

Ẹ má ra ọmọlẹ́yìn o. YouTube ka èyí léèwọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ọdún 2012 ni wọ́n ti ń ka àkókò tí ènìyàn fi wo fídíò sí ju iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ, ọmọlẹ́yìn tí a sì fowó rà kì í wo nǹkan kan. Níbi ìṣirò tí YouTube ń fún yín, wọ́n ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó padà wá. Àwọn tó padà wá ni kí ẹ máa ṣọ́.

Onílẹ́tà:

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n. Èmi, lẹ́tà íméèlì ni mo fi ń bá àwọn tó ń gbin òdòdó sínú ìkòkò sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ẹ má kọ́ gbogbo ilé yín sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Àwọn kan ní èrò rẹpẹtẹ lórí Vine, ibi tí wọ́n ti ń gbé fídíò kúkúrú jáde, ṣùgbọ́n ọdún 2017 ni wọ́n tì í pa. Google+, ibi ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ti Google, tẹ̀lé e lọ́dún 2019. Lóṣù kìíní ọdún 2018, Facebook kéde pé ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ ni yóò máa ṣíwájú ti àwọn ojú ìwé, ọ̀pọ̀ olójú ìwé sì rí i pé èrò dín kù.

Ẹ máa gba íméèlì àwọn tó bá fẹ́ fún yín. Ẹ fún wọn ní ohun kan tí wọ́n lè tẹ̀ sórí ìwé kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: aṣọ wo ló ń gba abẹ́rẹ́ wo. Nínú lẹ́tà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan, kí ẹ sì ka èsì wọn fúnra yín. Èsì yẹn ni mo fọkàn tẹ̀ ju iye àwọn tí wọ́n ní wọ́n ṣí lẹ́tà lọ, torí láti ọdún 2021 ni íméèlì Apple ti lè fi hàn pé wọ́n ṣí lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò tíì wò. Ẹni tó bá sì fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó rọrùn fún un láti lọ.

Olóòtú Fídíò:

Ọ̀rọ̀ ohun tó ń jà ràn-ìn yẹn, mi ò gbà pé kí ẹ pa á tì pátápátá. Bí gbogbo ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa aṣọ kan tí síìpù wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ṣàlàyé síìpù náà. Bí kò bá kan iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Ẹ tún kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ sí ìsàlẹ̀ fídíò, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó jókòó sídìí maṣíìnì kò ní gbọ́ yín dáadáa, adití náà sì wà lára àwọn tó ń rán aṣọ.

Aránṣọ Tuntun:

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀rù kan ṣì ń bà mí. Bí mo bá mú ẹyọ kan ṣoṣo, ṣé èrò kò ní dín kù? Èwo ni kí n sì mú?

Alátùn-únṣe Maṣíìnì:

Wọ́n máa dín kù lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kó kó ìpayà bá yín. Kí lẹ gbé jáde lẹ́yìn fídíò síìpù yẹn?

Aránṣọ Tuntun:

Ọ̀rọ̀ ìyànjú ọjọ́ Ajé ni.

Alátùn-únṣe Maṣíìnì:

Àwọn tó wá kọ́ síìpù dé, wọ́n bá ìyànjú. Kò sí ohun tí wọ́n máa fẹ́ padà wá gbà. Ẹ lọ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fídíò síìpù, kí ẹ kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Èyí tó bá ń padà yọjú ni ẹ ó kọ́kọ́ dáhùn.

Aránṣọ Tuntun:

Mo ti kà á tán. Ohun tí wọ́n ń bèèrè jù ni ìdí tí síìpù fi ń rí kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbì omi lẹ́yìn tí wọ́n bá rán an tán. Mo mọ èyí dáadáa: aṣọ ló ti fà nígbà tí wọ́n ń rán an. Èmi máa ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ aṣọ alẹ̀mọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ibẹ̀ kí n tó gbé síìpù lé e. Ṣé kí n ṣe é lórí aṣọ tuntun, tàbí kí n tú èyí tó ti wọ́ tẹ́lẹ̀?

Alátùn-únṣe Maṣíìnì:

Ẹ tú èyí tó ti wọ́. Ẹ fi hàn wọ́n bó ṣe rí kí ẹ tó tú u, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ bèèrè bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ fi síbí, mo fẹ́ wò ó.