Bí a ṣe ń ṣàkóso bí ata rodo ṣe ń ta lẹ́nu nínú ilé wa ní Kubwa

Ẹni tí ó ń dáná fún ọmọ kékeré, fún ìyá ọkọ tí ó ní ọgbẹ́ inú, àti fún ọkọ tí kì í fẹ́ ọbẹ̀ tí kò bá ta, tí gbogbo wọn sì ń jẹ nínú ìkòkò kan ṣoṣo, kò lè máa bu ata síná bí ọwọ́ bá ṣe bà á. Bí ilé tiwa ní Kubwa, l'Ábújá, ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí Màmá ti wá bá wa gbé láti Ìbàdàn. Ohun tí mo dì mú ni pé kí ata tó dé orí iná ni a ti ń pinnu bí yóò ṣe ta tó.

Ibi ẹ̀rọ ìlọta ni mo ti bẹ̀rẹ̀. A máa ń da tàtàsé, tòmátì, àlùbọ́sà àti rodo pọ̀ sínú abọ́ kan, a ó sì gbé e fún ẹni tí ń lọ ata, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà lè ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ata gbígbẹ fún ẹlòmíràn tán, kí ó jẹ́ omi díẹ̀ ni wọ́n fi ṣàn án. Tàtàsé àti tòmátì nìkan ni mo ń gbé lọ síbẹ̀ báyìí, n ó sì bẹ màláàmù kí ó fi omi fọ ẹ̀rọ náà dáadáa kí ó tó da tèmi sí i. Ilé ni mo ti ń fi ọlọ lọ rodo lọ́tọ̀.

Àwọn ìyá wa a máa sọ pé kí a gbọn kóró ata dànù bí a kò bá fẹ́ kí ó ta. Ṣùgbọ́n ara funfun tí kóró so mọ́, èyí tí ó wà nínú ata láti ìdí rẹ̀, ni ata ti ń ṣe èròjà títa tí àwọn onímọ̀ ń pè ní capsaicin. Kóró kàn ń gbà nínú rẹ̀ nítorí pé ó fara kàn án ni. Nígbà tí mo la rodo kan tí mo sì fi hàn Màmá, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ìyàwó mi, èyí tí a ti ń lọ̀ mọ́ ọbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ni?” Láti ìgbà náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ yọ ọ́ kúrò nínú tiwọn.

Ní 1912, apòògùn ará Amẹ́ríkà kan, Wilbur Scoville, dá ìwọ̀n kan sílẹ̀ fún títa ata: ó ń fi omi ṣúgà pò omi ata títí àwọn tí ń tọ́ ọ wò kò fi ní mọ títa rẹ̀ mọ́; bí omi ṣúgà tí ó gbà bá ṣe pọ̀ tó ni nọ́ńbà ata náà ṣe ń ga tó. Lórí ìwọ̀n yẹn, ata rodo wà láàárín 100,000 sí 350,000. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ṣe fẹ̀ tó! Rodo kan lè ta ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, bí wọ́n tilẹ̀ jọ pupa bákan náà lórí àtẹ kan ní ọjà Wuse. Nítorí náà, n kì í fi iye ata díwọ̀n ọbẹ̀. Mo máa ń gé bíńtín nítòsí ìdí rẹ̀ fi kan ahọ́n kí n tó mọ èyí tí n ó lò.

Fún ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja, odindi rodo kan pẹ̀lú ìdí rẹ̀ ni mo ń jù sínú ìkòkò, n ó sì yọ ọ́ kí ó tó bẹ́. Òórùn rẹ̀ á wọ oúnjẹ, títa rẹ̀ kò sì ní pọ̀. Ti ọkọ mi wà nínú ìgò: rodo lílọ̀ tí mo dín nínú òróró, tí wọ́n ń fi ṣíbí bù sí ọbẹ̀ tiwọn. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ mọ̀ pé inú òróró ni capsaicin ti ń yọ́, kì í yọ́ nínú omi. Òróró tí ó léfòó nínú ìgò yẹn ń ta gidigidi.

Ohun kan náà ni ó gbà wá níbi ìkómọ kan ní Nyanya, níbi tí ọbẹ̀ ti ta débi pé àwọn àlejò ń húkọ́. Àwọn kan ní kí a bu omi sí i, àwọn mìíràn ní kí a túbọ̀ sè é kí títa rẹ̀ lè lọ. Sísè kì í pa capsaicin. Bí omi ọbẹ̀ bá ṣe ń fà ni títa ń kó jọ. A bu òróró ojú ọbẹ̀ kúrò, a sì da tàtàsé àti àlùbọ́sà tí a dín lọ́tọ̀ sí i. Àǹtí kan tí ó ti gbé Kaduna pẹ́ wá ní kí a ya ti àwọn ọmọdé sọ́tọ̀, kí a po ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ọn, irú èyí tí àwọn Hausa fi ń se miyan taushe, ọbẹ̀ elégédé wọn. Àwọn ọmọ náà jẹ ẹ́ tán. Àwọn àgbà tí ata ti ta ni a fún ní nọ́nọ̀, wàrà kíkan àwọn Fúlàní, dípò omi, nítorí pé ọ̀rá inú wàrà àti purotéènì rẹ̀ tí ń jẹ́ casein ń gba capsaicin kúrò lára ahọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, ẹ fi òróró pa ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá la ata tán, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tó fọwọ́ kan ojú ọmọ.